Ìjàkadì Tí Wọ́n Fi Yan Ẹni Tó Máa Lọ sí Àkúrẹ́

Ẹ má sọ fún mi pé gẹ́ẹ̀mù lásán ni. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Fúnmi, ìwọ náà! Ọ̀rọ̀ ìgbà tó o wà lọ́mọdé lo ṣì ń bínú sí?" Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì ń bínú. Inú tó bí mi lọ́dún náà kò tíì rọ̀, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀, torí tó bá rọ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nǹkan ṣẹlẹ̀ o. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo wà ní pírámárì síìsì, wọ́n gbé ayé mi síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kí àwòrán méjì tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára ja ìjàkadì lé e lórí. Àgbàlagbà ló jókòó tó fọwọ́ sí i. Wọ́n tiẹ̀ gbàdúrà sí i.

Odode ni ilé wa wà, ní Ìdànrè. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ti ilẹ̀ Ọ̀ṣun wá ṣe lébìrà nínú oko kòkó nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọn ò sì padà mọ́. Bàbá mi kú kí n tó mọ ojú wọn, Màámi ò kúrò nílé ọkọ. Àwọn ló ń se oúnjẹ, àwọn ló ń fọ sùtánà funfun tí Bàbá Àgbà ń wọ̀ lọ sí ìjọ Aládùúrà, àwọn ló sì ń mójú tó kòkó. Tí mo bá dijú báyìí, ìró ilé náà ni mo ń gbọ́: agogo àdúrà Bàbá Àgbà ní ìdájí, ọmọ odó Màámi tó ń gún iyán, àti ṣàà, ṣàà, ṣàà, ẹsẹ̀ wa lórí kòkó. Àpáta kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ wà lẹ́yìn ilé, orí ẹ̀ la ti ń sá kòkó tí wọ́n bá kó o kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń bò ó kó lè kan. Iṣẹ́ èmi àti Màámi ni. A ó máa fi ẹsẹ̀ wà á káàkiri nínú oòrùn kí tìsàlẹ̀ lè bọ́ sókè, àpáta á gbóná títí tí ẹsẹ̀ á fi máa ta wá. Tí òjò bá ṣú, a ó sáré gbá a jọ, a ó fi tàpólì bò ó. Tí ewúrẹ́ bá dé, a ó lé e. Nígbà tí kòkó bá pọ̀, mo lè má rí iléèwé lọ fún ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí mo bá sì wá lọ, àwọn ọmọ kíláàsì mi á máa fọwọ́ dí imú torí òórùn kíkan tó wà lára mi. Dàpọ̀ kì í wa kòkó. Ọkùnrin ni, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ wo? Ọmọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ àṣetiléwá tèmi ló ń wò kọ!

Ọmọ àbúrò bàbá mi ni Dàpọ̀. Bàbá rẹ̀ wà nílùú òyìnbó, ìyá rẹ̀ ti lọ́kọ mìíràn, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Oṣù mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni bàbá rẹ̀ fi gẹ́ẹ̀mù ránṣẹ́ sí i dípò ara rẹ̀, èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tòun ti pádì méjì àti síìdì kan ṣoṣo. Ìjàkadì àwọn òyìnbó ló wà nínú ẹ̀. Dàpọ̀ mọ pádì í tẹ̀, ìyẹn náà ló mọ̀. Èmi ni mo ka òyìnbó tó wà níbẹ̀, èmi ni mo sì rí i pé èèyàn lè dá oníjàkadì tirẹ̀ sílẹ̀, kó yan ojú fún un, kó yan aṣọ, kó kọ orúkọ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ibì kan tún wà tí wọ́n ti ń yan bó ṣe máa hùwà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá di pádì mú, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló ń darí ẹ̀. Ìlà gbọọrọ gbọọrọ ló wà níbẹ̀. Wàá fà á sọ́tùn-ún kó lè pọ̀, wàá fà á sósì kó lè dín. Ìlà kan wà fún bó ṣe máa ń kọlu èèyàn, òmíràn wà fún bó ṣe ń já ara ẹ̀ gbà tí wọ́n bá dì í mú, òmíràn fún bó ṣe ń fi ìjà sílẹ̀ tó ń ṣe fáàrí fún èrò ìwòran. Èyí tó jà jù ni sítámínà. Bí Dàpọ̀ ṣe ń pè é nìyẹn. Èmi ń pè é ní èémí.

Mo dá gbogbo ará ilé wa sínú gẹ́ẹ̀mù yẹn. Mo fa èémí Màámi dé ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún, mo fa fáàrí wọn dé ìpẹ̀kun òsì, torí mi ò rí ọjọ́ kan rí tí Màámi ṣe fáàrí. Mo fún Dàpọ̀ ní fáàrí rẹpẹtẹ, òun náà sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lòun rí, ẹ̀rín ló fi rín. Ara mi ló gbà mí lásìkò jù. Mo kọ́kọ́ fa gbogbo ẹ̀ sọ́tùn-ún bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe, àmọ́ Fúnmi inú gẹ́ẹ̀mù ń fìdí rẹmi. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ja bíi wèrè, kó tó di pé ìjà gbóná, èémí ẹ̀ á ti tán. Mo wá mú ìwé kan, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà: mo yí èyí, mo jẹ́ kó jà lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìlà kan ni mò ń yí lẹ́ẹ̀kan, kí n lè mọ ohun tó fà á. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Nígbà tó yá, mo rí ọ̀nà ẹ̀. Mo dín ìkọlù ẹ̀ kù, mo fa fáàrí ẹ̀ dé ìpẹ̀kun òsì, mo fi èémí ẹ̀ sí ibi tó ju ìdajì lọ díẹ̀, mo sì jẹ́ kó mọ ara í já gbà. Á kọ́kọ́ dúró, á jẹ́ kí wọ́n na òun, ìgbà tí ẹnì kejì bá wá ń mí hẹlẹhẹlẹ, á dìde sí i. Mo mọ ìrìn ẹ̀, mo mọ ìṣubú ẹ̀. Ẹ sọ fún mi o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín: ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń ṣe irú nǹkan yẹn fúnra ẹ̀, ṣé orí àpáta ló yẹ kó wà, kó máa lé ewúrẹ́?

Bàbá Àgbà ò ka gẹ́ẹ̀mù sí títí mo fi fi wọ́n sínú ẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun gbalaja. Ọ̀sán Sátidé kan ni, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ iṣu sísun àti epo pupa, wọ́n wá rí ara wọn tí wọ́n gbé Dàpọ̀ ṣánlẹ̀. Háà! Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. "Èmi rèé! Ẹ wá wò mí o! Ìyá Fúnmi, ẹ wá wo bí mo ṣe gbé e!" Wọ́n wá wo ọwọ́ wa, wọ́n rí i pé pádì wà nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ń darí ẹ̀?" Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń darí ẹ̀, Bàbá. Òun fúnra ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe ara mi nìyẹn. Ó yẹ kí n sọ ti ìlà yẹn fún wọn, kí n ní èmi ni mo tò ó. Mi ò sọ ọ́. Bí inú wọn ṣe ń dùn yẹn, mi ò fẹ́ kí n bà á jẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Àǹtí Bọ́lá dé. Ọmọ Bàbá Àgbà ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ọmọ kan sọ́dọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ńdìrì níbẹ̀, ní iléèwé tó ní tíṣà fún gbogbo iṣẹ́, tó ní yàrá kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe dárúkọ yàrá kọ̀ǹpútà yẹn, mo sún mọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀kan ṣoṣo ni agbára mi ká o. Bàbá, ẹ bá mi yàn." Ó rọrùn púpọ̀. Èmi ni mò ń gba ipò kìíní ní kíláàsì, Dàpọ̀ ń gba ipò ogún. Kí ni wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yàn? Àmọ́ Bàbá Àgbà ń ronú pé tí àwọn bá mú mi, bàbá Dàpọ̀ á ní wọ́n ya ọmọ òun sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá mú Dàpọ̀, àwọn èèyàn á ní wọ́n fi ìyà jẹ ọmọ òkú. Bàbá ò fẹ́ kí ọwọ́ àwọn wà nínú ẹ̀. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ tí ọ̀rọ̀ bá ti le, "Ẹ jẹ́ ká fi sádùúrà ná." Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbààwẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní gègé la máa ṣẹ́, bí àwọn àpọ́sítélì ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ fi ìwé ṣẹ́ ẹ, torí ẹnì kan ti ṣe magomágo sí ìwé gègé ní ìjọ wọn nígbà ìkórè, ó fi yan ọ̀rẹ́ ara ẹ̀ ṣe alága. "Ohun tí ọwọ́ èèyàn bá ti kàn, mi ò fọkàn tán an mọ́," wọ́n ní. "Èyí tó ń jà fúnra ẹ̀ yẹn la máa lò. Kò sẹ́ni tó ń darí ẹ̀." Mo la ẹnu mi sílẹ̀, mo tún pa á dé. Mo ti mọ̀ pé Fúnmi inú gẹ́ẹ̀mù máa ń na Dàpọ̀ inú gẹ́ẹ̀mù. Mo rò pé ó ti bọ́ sí i fún mi nìyẹn. Èmi náà ò mọ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Bàbá Àgbà wọ́n omi àdúrà sí orí tẹlifíṣọ̀n, èmi ń bẹ̀rù kó má kú. Wọ́n kó pádì méjèèjì sórí Bíbélì, wọ́n ní kí gbogbo wa káwọ́ lẹ́yìn. Màámi jókòó nídìí ilẹ̀kùn, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí mo fi mọ̀. Fúnmi mi, Fúnmi tó máa ń dúró dè wọ́n, sáré bọ́ síwájú, ó ju ẹ̀ṣẹ́ méjì, ó wá kẹ̀yìn sí Dàpọ̀, ó ń juwọ́ sí èrò. Fáàrí! Èmi tí mo fa fáàrí ara mi dé òsì pátápátá! Dàpọ̀ gbé e lẹ́yìn, ó là á mọ́lẹ̀, kò já ara ẹ̀ gbà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì péré, ó ti tẹ̀ síwájú, ó ń mí bí arúgbó. Wọ́n dì í lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun juwọ́ sílẹ̀. Ó ti parí. Bàbá Àgbà lu agogo, wọ́n ní, "Olúwa ti yàn! Dàpọ̀ ló ń lọ." Dàpọ̀ ń jó. Mo figbe ta, "Wọ́n ti yí i! Èyí kì í ṣe èmi! Wọ́n ti yí èémí mi!" Bàbá Àgbà yíjú sí mi, ojú wọn pọ́n. "Ọlọ́run lo ń pè ní olójúsàájú?" Màámi dìde, wọ́n gbá mi létí. Wọ́n ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́! Kúnlẹ̀, bẹ Bàbá!" Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ló ń bẹ̀bẹ̀, ẹ gbọ́ ná!

Nígbà tí mo dé láti iléèwé lọ́jọ́ kejì, mo tan gẹ́ẹ̀mù náà, mo wọ ibi ìlà. Ó wà níbẹ̀ kedere. Èémí mi ti wà ní ìpẹ̀kun òsì, fáàrí mi ti wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, èémí Dàpọ̀ sì kún dẹ́múdẹ́mú. Mo fa Bàbá Àgbà lọ́wọ́ wá láti ẹ̀yìnkùlé. Wọn ò gbọ́ òyìnbó, àmọ́ ojú wọn ríran. Mo ní, "Bàbá, èyí ni agbára Dàpọ̀. Èyí ni tèmi. Ẹ̀ ń rí i? Èèyàn ló ń fà á." Mo fa ìlà náà síwá sẹ́yìn lójú wọn. Wọ́n tún ní kí n fà á. Wọ́n wá pe Dàpọ̀, ohùn wọn sì rẹlẹ̀, èyí tó burú ju kí wọ́n pariwo lọ. "Ìwọ lo ṣe é?" Dàpọ̀ bú sẹ́kún. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe èmi ni mo rò ó. Màmá Fúnmi ló ní kí n fà á."

Mo fẹ́ lù ú. Mo rò pé irọ́ ló ń pa. Àmọ́ Màámi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, omi kòkó wà lọ́wọ́ wọn títí dé ìgúnpá, wọn ò sì jiyàn. Wọ́n ní, "Èmi ni, Bàbá." Èmi ni mo ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn nídìí ààrò, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, torí inú mi ń dùn, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí mo mọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń dá mi lóhùn pé "ẹn, ẹn" tí wọ́n ń ro ọbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ mi. Bàbá Àgbà ní, "Kí ló dé?" Màámi ní, "Tí Fúnmi bá lọ, ta ló kù fún mi? Ta ló máa bá mi wa kòkó? Ta ló máa bá mi sáré tí òjò bá ṣú? Ṣé Dàpọ̀ tí kì í fọ abọ́ tó fi jẹun? Ọkọ mi kú, mo dúró tì yín. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní, ẹ fẹ́ mú un lọ sí Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ wá fi èmi nìkan sílẹ̀ lórí àpáta yẹn." Wọn ò wo ojú mi. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì tún bí mi nínú sí i. Wọn ì bá bi mí. Wọn ì bá ní, "Fúnmi, má lọ." Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n gba èémí lára mi níkọ̀kọ̀, wọ́n tún gbá mi létí nígbà tí mo ké.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Bàbá Àgbà ṣe. Ẹ̀rí wà níwájú wọn, ẹni tó ṣe é ti jẹ́wọ́. Ó yẹ kí wọ́n ní, "Fúnmi, lọ di ẹrù ẹ." Ó tán! Rárá o. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká fi sádùúrà ná." A gbàdúrà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní gègé àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, a máa tún un ṣẹ́, àmọ́ ìwà kan náà àti èémí kan náà ni kí n fún àwọn méjèèjì, àti pé èmi ni kí n tò ó, torí èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Níwájú Ọlọ́run ni o, Fúnmi." Wọ́n ní kí gbogbo ilé kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n kí ojú ẹnikẹ́ni má bàa dà mí láàmú. Bàbá kẹ̀yìn, Dàpọ̀ kẹ̀yìn, Màámi kẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ọrùn Màámi ni mò ń wò, òógùn wà níbẹ̀. Pádì wà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Díẹ̀ péré sọ́tùn-ún, ìwọ̀n ìka kan, Àkúrẹ́ ti di tèmi.

Mo fi gbogbo ìlà sí àárín. Tèmi, ti Dàpọ̀, gbogbo ẹ̀. Mo tiẹ̀ yọ sùúrù tí mo ti fi oṣù púpọ̀ kọ́ Fúnmi mi kúrò lára ẹ̀, torí wọ́n ní ìwà kan náà. Mo sọ pé ó ti tó. Wọ́n yíjú padà. Ìjà náà pẹ́ gan-an, wọ́n ń dìde, wọ́n ń ṣubú, Fúnmi fẹ́rẹ̀ẹ́ borí lẹ́ẹ̀mejì, Dàpọ̀ wá gbé e lókè orí, ó sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n kà á dé ẹẹ́ta. Kò sí magomágo kankan níbẹ̀. Mo fìdí rẹmi ni. Bàbá Àgbà ò lu agogo lọ́jọ́ yẹn, Dàpọ̀ náà ò jó.

Ó lọ. Ó kàwé, ó gboyè, ó ń ta mọ́tò ní Abújá báyìí, a máa kí mi nígbà ọdún. Èmi lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì tó wà nítòsí, tíṣà ìṣirò wa kì í wá, nígbà ìkórè kòkó èmi náà kì í lọ. Mo ń tún fóònù ṣe ní Aládé Ìdànrè, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n ń ti Atosin gbé fóònù wá fún mi. Kì í ṣe pé ayé mi bàjẹ́. Àmọ́ ẹ má sọ fún mi pé bákan náà ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìjà kejì yẹn, èmi àti Màámi jọ ń wa kòkó lórí àpáta. Wọ́n wá dúró, wọ́n ní, "Fúnmi, ṣé o ò fa tìẹ sọ́tùn-ún rárá ni?" Mo ní, "Rárá, Mà. Bákan náà ni mo ṣe wọ́n." Wọ́n ń wò mí, ojú wọn yí padà, wọ́n wá jókòó sínú kòkó náà gbì. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo kẹ̀yìn yẹn, mo rò pé wàá fà á. Mo ti sọ fún ọkàn mi pé o ti lọ. Mo ti gbà." Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan nínú ilé yẹn, bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó rẹ́ mi jẹ, tó fẹ́ kí n dúró mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi sé ọ̀nà mọ́ ara mi, torí àgbàlagbà kan tí kò lè sọ pé "ìwọ ni mo yàn" gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Màámi ti dàgbà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á ní, "Fúnmi, ṣé inú ṣì ń bí ẹ?"

Mo máa ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ jẹun."